Ewé Patanmọ́ Inú Kíláàsì: Ṣé O Mọ̀?

Ọmọ tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá lọ sílé ìwé mọ ewé patanmọ́ dáadáa. Fi ọmọ ìka kàn án báyìí, wéré ló ti pa itan mọ́, á káwọ́ jọ bí ẹni tí òtútù mú. Ọmọdé á rẹ́rìn-ín, á tún fọwọ́ kan òmíràn, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ní sùúrù, tó jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mélòó kan, yóò rí i bí ewé náà ṣe ń rọra là padà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Irú ewé bẹ́ẹ̀ ń bẹ nínú gbogbo kíláàsì. Tíṣà jágbe mọ́ ẹlòmíràn, òun ni omi ń dà lójú rẹ̀. Kíláàsì ń pariwo, ó ti fọwọ́ di etí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, títí di Fúráìdè kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. A ti sọ ọ́ lórúkọ púpọ̀: ẹlẹ́kún, ojo, ajẹbọ́tà, ọmọ tí wọ́n kẹ́ bàjẹ́. Ìmọ̀ ní orúkọ tó sàn ju ìwọ̀nyí lọ fún un, ó sì ní ọ̀pọ̀ nǹkan láti sọ fún wa nípa rẹ̀. Ó yá, ká máa kà á lọ.

TA NI ỌMỌ YÌÍ?

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1997 ni Elaine Aron àti ọkọ rẹ̀, Arthur Aron, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìbéèrè 27 jáde tí wọ́n fi ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀? Lédè tiwa, ẹni tí nǹkan tètè ń wọ̀ lára ni. Ohun tí ojú rí, ohun tí etí gbọ́, òórùn tí imú gbọ́, ohun tí ojú ẹlòmíràn ń sọ tí ẹnu rẹ̀ kò sọ, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn? Kò sí nínú ìwé atọ́ka àrùn ọpọlọ tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń lò. Ìwà àbínibí ni, bí ẹnìkan ṣe ga tí ẹnìkan kúrú. Ìka ò dọ́gba, ìka tó kéré jù náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé àmì mẹ́rin ni Elaine Aron ní ká máa wò? Ọmọ náà máa ń ro nǹkan jinlẹ̀ kó tó dáhùn. Ariwo, èrò àti kánjúkánjú tètè máa ń sú u. Ayọ̀ àti ìbànújẹ́, ìbáà jẹ́ tirẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn, máa ń kàn án gan-an. Ó sì máa ń rí ohun kékeré tí ojú ẹlòmíràn fò: ohùn tíṣà yí padà lónìí, ọ̀rẹ́ òun kan kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ṣé o mọ̀ pé wọn kò kéré níye? Ìdá 15 sí 20 nínú 100 ènìyàn ni Elaine Aron kọ́kọ́ fojú dá. Ní 2018, Francesca Lionetti, Michael Pluess àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ àgbàlagbà 906 wò, wọ́n sì rí ọ̀wọ́ mẹ́ta: ìdá 31 nínú 100 ni nǹkan ń wọ̀ lára gidigidi, ìdá 40 wà láàárín, ìdá 29 ni kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ lára. Ìwádìí lórí àwọn ọmọ ilé ìwé ní Britain náà rí irú ọ̀wọ́ mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì ọlọ́mọ 60, patanmọ́ ibẹ̀ lè tó 18.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará Sweden ní orúkọ fún ọmọ tó lè gbilẹ̀ níbikíbi? Wọ́n ń pè é ní maskrosbarn, ọmọ tó dà bí òdòdó ìgbẹ́ tó ń hù láàárín kọ́ńkéré, bí imí eṣú ṣe ń hù lọ́dọ̀ wa láìsí ẹni tó bomi rin ín. Ní 2005, Thomas Boyce àti Bruce Ellis yá ọ̀rọ̀ náà lò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wá fi ọmọ tó dà bí òdòdó orchid dojú kọ ọ́: ibi tí ilẹ̀ kò bá ti dára, ó ń rọ, ibi tí wọ́n bá ti tọ́jú rẹ̀, ẹwà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń tijú? Aron ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 wọn ló fẹ́ràn èrò àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ilé ìwé lè jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Lẹ́yìn tí ayẹyẹ bá parí ni wàá rí i tó lọ dá jókòó sábẹ́ igi kí ara rẹ̀ lè balẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọkùnrin pọ̀ nínú wọn? "Ọkùnrin kì í sunkún" tí à ń sọ kì í mú ohun tó wà nínú ọmọ kúrò. Ọ̀nà tí yóò fi máa fi í pamọ́ ló ń kọ́ ọ.

Ṣé o mọ̀ pé ó ju 100 irú ẹranko lọ tí àwọn onímọ̀ ti rí ìyàtọ̀ yìí láàárín wọn, látorí ẹja dórí ẹyẹ àti ọ̀bọ? Àwọn kan á kọ́kọ́ dúró wò kí wọ́n tó sún mọ́ nǹkan, àwọn kan á rọ́ lù ú. Agbo nílò méjèèjì: ọ̀kan á tètè rí oúnjẹ, ọ̀kan á tètè rí ẹkùn.

Ṣé o mọ̀ pé ó ti ń hàn láti ìgbà ọmọ ọwọ́? Jerome Kagan ti Yunifásítì Harvard yẹ ọmọ olóṣù mẹ́rin bíi 500 wò. Wọ́n gbé ohun tuntun síwájú wọn, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn àjèjì. Nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ló ń ta ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń ké. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi di ọ̀dọ́langba. Àwọn tó ké yẹn ló ṣeé ṣe jù fún láti máa ṣàníyàn, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò di onítìjú paraku. Bí ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ ayé kì í ṣe ìdájọ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ìbejì ló jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ àjogúnbá níbẹ̀? Elham Assary, Pluess àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ ìbejì tó lé ní 2,800 wò ní Britain, ọ̀dọ́ ọlọ́dún 17. Wọ́n fi àwọn ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ wé àwọn tí kò jọra, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2020: nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ènìyàn sí ènìyàn, ìdá 47 nínú 100 wá láti inú ẹ̀jẹ̀, ìyókù wá láti inú ohun tí kálukú bá pàdé láyé. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí wa. Ní Igbó-Ọrà, Patrick Nylander rí ìbejì tó tó 45 sí 50 nínú ìbí 1,000. Ìyá ìbejì kan náà á sọ fún ọ pé Táyé ń sùn nínú ariwo òde ìgbéyàwó, Kẹ́hìndé ń jí bí ilẹ̀kùn bá dún. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn, nínú ilé kan náà.

INÚ ỌPỌLỌ ÀTI INÚ ARA

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ ti ya àwòrán rẹ̀? Ní 2014, Bianca Acevedo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ènìyàn 18 sínú ẹ̀rọ tó ń ya ọpọlọ, wọ́n ń fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín àti ojú tó fà ro hàn wọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn tí nǹkan tètè ń wọ̀ lára, apá ọpọlọ tó wà fún àfiyèsí àti fún bíbá ẹlòmíràn kẹ́dùn ló ṣiṣẹ́ jù. Ọmọ tó bá ní "ó dùn mí" kò ṣe àṣejù. Bó ṣe dùn ún ló sọ.

Ṣé o mọ̀ pé kí ẹgbẹ́ yọ ènìyàn sílẹ̀ ń dunni bí ọgbẹ́? Ní 2003, Naomi Eisenberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn kan máa ta bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà. Ṣàdédé ni wọn kò ju bọ́ọ̀lù sí ẹni náà mọ́. Apá ọpọlọ tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ara bá ń roni ló dìde. Nígbà tí Catherine Sebastian àti Sarah-Jayne Blakemore fi irú eré yẹn dán àwọn ọmọbìnrin ọ̀dọ́langba wò ní 2010, inú wọn bàjẹ́ ju ti àwọn obìnrin àgbà lọ. Ọmọ tí kò sí ẹni tó pè é nígbà ìsinmi ọ̀sán ń gbé ọgbẹ́ lọ sílé, bí ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ jáde.

Ṣé o mọ̀ pé dídárúkọ ohun tó ń ṣe ẹni máa ń rọ̀ ọ́ lójú? Matthew Lieberman fi èyí hàn ní 2007: bí ènìyàn bá fi ọ̀rọ̀ sọ ìmọ̀lára tó rí, apá ọpọlọ tó ń lu agogo ewu á rọlẹ̀. Ìṣúra wa pọ̀ níbí. Yorùbá mọ ibi tí ẹ̀dùn kọ̀ọ̀kan ń gbé lára: inú mi bàjẹ́, inú ń bí mi, àyà mi ń já, ojú ń tì mí, orí mi wú, ọkàn mi pòrúùru, ara mi ò balẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ju "mo wà dáadáa" lọ, kí ni yóò sọ nígbà tí kò bá sí dáadáa? Kọ́ ọ ní àwọn ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dọ́langba tí kò lè jí kì í ṣe ọ̀lẹ? Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, aago inú ara rẹ̀ á sún síwájú, oorun kì í tètè kùn ún lálẹ́. Wákàtí 8 sí 10 ló sì yẹ kó sùn. Ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà rọ àwọn ilé ìwé láti má ṣe bẹ̀rẹ̀ kí aago 8:30 àárọ̀ tó lù. Ọmọ Èkó tó ń jí ní aago 5 nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti jẹ gbèsè oorun kó tó dé ẹnu géètì, ọmọ tí nǹkan tètè ń wọ̀ lára ni gbèsè yẹn sì ń tètè hàn lójú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ariwo inú kíláàsì kò yẹ kó ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 35 lọ? Kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Fi wé kíláàsì tí kò ní sílìn, tí òjò ń lu páànù rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀.

ỌJỌ́ ORÍ TÓ LẸ́GẸ́

Ṣé o mọ̀ pé nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ? Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìsoríkọ́ àti àníyàn wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà tí ọmọ wà nílé ìwé gan-an ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀? Ní 2022, Marco Solmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 192 jọ, tó kan ènìyàn 708,561. Nínú àwọn tó ní àrùn ọpọlọ, ìdá 34.6 nínú 100 ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 14, ìdá 48.4 kí wọ́n tó pé 18. Ọdún 14 àtààbọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ jù. Ọmọ JS3 nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀? Ọmọ tí nǹkan tètè ń wọ̀ lára kì í gba búburú nìkan sára. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi rò pé àwọn ọmọ kan kàn jẹ́ ẹlẹgẹ́, tí ìyà tètè ń bà jẹ́. Láti 1997 ni Jay Belsky ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Ilẹ̀kùn tí ìbànújẹ́ gbà wọlé náà ni ìtọ́jú ń gbà wọlé. Nínú ilé tó le àti ilé ìwé tó ń bú ọmọ, ọmọ yìí ló ń tètè rẹ̀wẹ̀sì ju ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbé ọmọ kan náà sáàárín àwọn tó ń gbọ́ tirẹ̀, ó lè ta ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Bí o bá gbàgbé gbogbo nǹkan tó kù nínú ìwé yìí, má gbàgbé èyí.

OHUN TÍ ILÉ ÌWÉ LÈ ṢE

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ Belsky yìí wò nílé ìwé? Ní ìlà-oòrùn London, níbi tí owó kò ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí, wọ́n kọ́ àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 11 bí ènìyàn ṣe ń fara da ìṣòro, kí ìsoríkọ́ má baà mú wọn. Michael Pluess àti Ilona Boniwell gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Àwọn tí nǹkan tètè ń wọ̀ lára ni àmì ìsoríkọ́ wọn dín kù, ó sì hàn síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Lára àwọn tí nǹkan kì í wọ̀ lára, wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ̀kọ́ kan náà ni, tíṣà kan náà. Ewé tó tètè ń pa ló mọ̀ pé oòrùn ti ràn.

Ṣé o mọ̀ pé ti àwọn ọmọkùnrin náà wà? Ní Finland, Yunifásítì Turku dá ètò kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ KiVa, láti dá ìfìyàjẹni dúró láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé. Wọ́n dán an wò ní Italy láàárín ọmọ 2,042, Annalaura Nocentini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Àwọn ọmọkùnrin tí nǹkan tètè ń wọ̀ lára ló jèrè ètò náà jù: ìyà tí wọ́n ń jẹ wọ́n dín, ẹ̀dùn inú wọn náà sì dín.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn kan kì í wo gbogbo kíláàsì sàn? Ní Britain, wọ́n kọ́ àwọn ọlọ́dún 11 sí 14 ní ọ̀nà ìfọkànbalẹ̀ ní ilé ìwé 84, ọmọ tó lé ní 8,000. Èsì jáde ní 2022: kò sàn ju ohun tí àwọn ilé ìwé ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá da gbogbo ọmọ pọ̀ láìmọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rere lè já sófo.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ni igi lẹ́yìn ọgbà tó dára jù? Ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ní Yúróòpù, Danuta Wasserman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà mẹ́ta wé ara wọn ní ilé ìwé 168, láàárín ọmọ 11,110. Ọ̀nà kan dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Òmíràn jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn jíròrò, kí wọ́n sì fi eré ṣàfihàn ohun tó ń bani lọ́kàn jẹ́ àti bí a ṣe ń ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, láàárín àwọn tó kọ́ ọ fúnra wọn, iye àwọn tó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn fi nǹkan bí ìdajì dín sí ti àwọn tí wọn kò kọ́ ní nǹkan kan. Ọdún 2015 ni èsì náà jáde.

Ṣé o mọ̀ pé bíbi ọmọ léèrè kì í fi èrò ikú sí i lọ́kàn? Ọ̀pọ̀ òbí àti tíṣà ló ń bẹ̀rù èyí. Ní 2005, Madelyn Gould àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọmọ 2,342 wò ní ilé ìwé girama mẹ́fà ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n bi àwọn kan, wọn kò bi àwọn kan. Àwọn tí wọ́n bi kò dààmú ju àwọn tí wọn kò bi lọ, kàkà bẹ́ẹ̀ àwọn tó ti ní ìsoríkọ́ tẹ́lẹ̀ rí ìtura díẹ̀. Bi í pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí o sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé mímọ̀ pé "wọ́n fẹ́ràn mi níbí" jẹ́ ààbò? Ìwádìí Michael Resnick ní 1997, láàárín ọ̀dọ́langba 12,118 ní Amẹ́ríkà, rí i pé ọmọ tó bá ní ìfararora pẹ̀lú òbí àti ilé ìwé rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kó sínú ewu, ì báà jẹ́ ti ìbànújẹ́ ọkàn, ì báà jẹ́ ti oògùn olóró.

Ṣé o mọ̀ pé ojú tí àwùjọ fi ń wo ọmọ yìí ń yí padà? Xinyin Chen fi èyí hàn ní Ṣáínà. Ní 1990, àwọn ọmọ ilé ìwé ní Shanghai tó jẹ́ jẹ́jẹ́, tó ń tijú, ni ẹgbẹ́ àti olùkọ́ fẹ́ràn. Ní 2002, tí ọjà àti ìdíje ti gba ìlú, irú ọmọ kan náà ni ẹgbẹ́ ń kọ̀, ìsoríkọ́ sì ń bá a. Ilẹ̀ tó hù sí ló yí padà.

Ṣé o mọ̀ pé kò pọn dandan kó jẹ́ dókítà ní yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí? Ní Kenya, Tom Osborn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ètò Shamiri sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti parí ilé ìwé girama ló ń kọ́ àwọn àbúrò wọn, ìpàdé mẹ́rin péré: ọgbọ́n pé ènìyàn lè dàgbà sí i, ìmoore, àti mímọ ohun tó ṣe iyebíye sí ẹni. Nínú ìwádìí 2021 láàárín ọmọ 413, ìsoríkọ́ àti àníyàn àwọn tó gba ẹ̀kọ́ yìí dín ju ti àwọn tí wọ́n kọ́ ní ọgbọ́n ìkàwé.

NÍLÉ TIWA

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ ilé ìwé Nàìjíríà ló gbé àìsàn kan wọ ìwé àwọn dókítà àgbáyé? Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Canada tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, Abẹ́òkúta, kọ nípa rẹ̀ ní 1960. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀: orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn lórí mi, mo ń kàwé kò wọlé. Ìwé atọ́ka àrùn ọpọlọ ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1994 bí àìsàn tó jẹ́ ti àṣà ibì kan, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní 2013. Oyedeji Ayonrinde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi hàn pé àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ń sọ̀rọ̀ nípa irú àìsàn náà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kì í ṣe tiwa nìkan. Bí ọmọ rẹ bá sọ pé "orí mi ń gbóná" nígbà ìdánwò, ó lè jẹ́ ọkàn rẹ̀ ló ń fi orí sọ̀rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Abẹ́òkúta ló kọ́ àgbáyé pé àdúgbò lè jẹ́ oògùn? Thomas Adéoyè Lámbò, tí wọ́n bí ní 1923, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Aro ní 1954. Aláìsàn á máa gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, á sì máa gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó padà di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tó rí ní Aro ni Resnick rí nílé ìwé Amẹ́ríkà lẹ́yìn ohun tó lé ní ogójì ọdún: ẹni tí a fà mọ́ra ń sàn.

Ṣé o mọ̀ pé Ìbàdàn ni iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà? Ní 1959, àwọn sístà ìjọ Àgùdà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, pe àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wá láti gba àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn nípa iṣẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Yàrá olùdámọ̀ràn tó wà nílé ìwé ọmọ rẹ lónìí, bó bá wà, ọmọ inú ìgbésẹ̀ yẹn ni. Béèrè bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń ṣí.

Ṣé o mọ̀ pé Ìbàdàn náà ni wọ́n ti fi ìjókòó márùn-ún péré tu àwọn ọmọ lára? Tolulope Bella-Awusah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọ̀dọ́langba 40 tó ní ìsoríkọ́ ní ilé ìwé ìjọba méjì. Ilé ìwé kan gba ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ bí èrò ṣe ń darí ìṣesí, èkejì ń dúró de tirẹ̀. Ìsoríkọ́ àwọn tó gbà á dín kù gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omigbodun wà nínú iṣẹ́ náà. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àgbáyé fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba, láti 2010 sí 2014.

Ṣé o mọ̀ pé òfin tí Nàìjíríà fi ń ṣètò ọ̀rọ̀ ọpọlọ ṣáájú 2023 ṣì ń pe aláìsàn ní wèrè? Láti ayé ìjọba amúnisìn ni òfin náà ti wá. Ní oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Òfin ti pààrọ̀ orúkọ. Ó ku ẹnu tiwa.

OHUN TÍ ỌWỌ́ RẸ TÓ

Ṣé o mọ̀ pé àwọn àgbà ti sọ bí a ṣe ń bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ọmọ tí nǹkan tètè ń wọ̀ lára kò nílò kí o jágbe. Pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ti gbọ́ ọ já.

Ṣé o mọ̀ pé ìtìjú gbangba ni ó ń dun ọmọ yìí jù? Kò yẹ ká máa ka máàkì ẹni tó gbé ipò ìkẹyìn sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìbáwí kò di èèwọ̀? Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Lára ọmọ yìí, ọwọ́ ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ yá jù.

Ṣé o mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ibi tó parọ́rọ́ lè gba ọjọ́ là? Igun kan nínú láíbúrì, abẹ́ igi kan nínú ọgbà, ìjókòó tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Kò ná ilé ìwé ní kọ́bọ̀.

Ṣé o mọ̀ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ju ìwà àbínibí lọ? Bí ìbànújẹ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọmọ kò jẹun, tí kò sùn, tí ohun tó máa ń múnú rẹ̀ dùn kò wù ú mọ́, tí ìwé rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, ó tó kó rí dókítà. Bó bá sọ pé ayé ti sú òun, tàbí tó bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, má fi sílẹ̀ lóun nìkan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o mú un lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá, ti Aro àti UCH ní Ìbàdàn ń tọ́jú irú rẹ̀.

Ní ìparí, ṣé o mọ̀ ohun tí wọ́n rí lára patanmọ́ fúnra rẹ̀? Nínú ìwádìí tí Monica Gagliano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014, wọ́n gbin ín sínú ìkòkò. Wọ́n ń gbé ìkòkò náà sókè, wọ́n ń jẹ́ kó já bọ́ láti ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sórí ohun rírọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ewé ló pa. Nígbà tó ṣe, ewé náà mọ̀ pé jíjá yìí kò lè pa òun lára, kò pa mọ́ mọ́. Kì í ṣe pé ó ti rẹ̀ ẹ́, torí nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà mìíràn mì ín, wéré ló tún pa. Lẹ́yìn oṣù kan tí wọ́n padà dé, kò tíì gbàgbé.

Ẹnì kankan kò na patanmọ́ kó tó mọ̀ pé ibẹ̀ kò léwu. Kò di igi líle, kò sì pàdánù ohun tó fi ń mọ nǹkan. Ohun rírọ̀ ló bá nísàlẹ̀ nígbàkígbà tó bá já bọ́. Kíláàsì tí ọmọ rẹ ń lọ láàárọ̀ ọ̀la, kí ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀?